Fìlà Tí Mo Gbàgbé sí Ìlú Fàájì

Ẹ̀yin tí ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ wọlé tàbí kí ẹ jáde, nítorí èmi kì í pìtàn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níta. Ẹ jókòó kí n kà yín. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta... ìwọ tí o ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ti rí ọ. Mọ́kàndínlógún. Ẹ bá mi fi iye yẹn sọ́kàn. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá yín ti kìlọ̀ fún yín pé Ògúnmọ́dẹdé ti darúgbó, pé ó ń ka ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka iṣu, pé àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ oṣó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bàlúù kan kọjá lókè ní ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo yín sì sáré bọ́ síta, ẹ ń juwọ́, ẹ ń kígbe pé ó dàbọ̀ o. Ẹ rí i pé èmi kò gbójú sókè. Ọmọ Lájídé yìí ti bi mí ní ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi ọdún, ó sì tún fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń gbé fìlà ògbólógbòó yìí lé orúnkún tí n kò dé e. Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ni. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Adépèlé ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn jù lọ, ó sì ti sùn ní ọdún tó kọjá, nítorí náà mo lè la ẹnu mi wàyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi ná. Ẹni tó bá dúró de ẹlòmíràn kí ó wá yin òun, yóò pẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí ẹfọ̀n bá gbóòórùn mi, á yà fún mi lọ́nà, ekùn tó sì mọ ara rẹ̀ kì í bímọ sí igbó tí mo bá ń ṣọdẹ. Mo wọ Igbó Asọ̀rọ̀-má-fèsì, níbi tí àwọn igi ti ń pe ọdẹ lórúkọ, tí ẹni tó bá jẹ́ wọn ń di igi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pè mí, n kò jẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé etí mi le, wọ́n fi ohùn ìyá mi tó ti kú pè mí. N kò jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń jẹ́ kí wọ́n tó pè yín tán, èwo nínú yín ló lè ṣe é?

Ní àárín igbó náà ni mo bọ́ sí gbalasa kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Bàlúù kan wà níbẹ̀, kékeré báyìí, tí wọ́n fi páànù àti pákó ìrókò kàn, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ onírin kan níwájú. Òjòlá tó nípọn bí itan mi ti lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ náà, iwin kúkúrú kan tí etí rẹ̀ gùn dé èjìká sì káwọ́ lérí nídìí rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Alábẹ̀bẹ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ, gbà mí o! Bàlúù kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyí. Èmi kò sí lára àwọn ọlọ́rọ̀ tí bàlúù wọn ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ní ìgbà ọdún nìkan ni àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́ máa ń wá háyà tèmi, n ó gbé wọn lọ sí Ìlú Fàájì, n ó sì lọ kó wọn ní ọjọ́ keje. Ọ̀la ni àwọn èrò ọdún yìí ń bọ̀, wo ohun tó lọ́ mọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́!"

Ìbọn kan ṣoṣo ni mo yìn. Ó gba ojú ọ̀tún òjòlá wọlé, ó gba ojú òsì jáde. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀, ṣebí èmi ni mo yìn ín. Alábẹ̀bẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun yóò gbé èmi, aya mi àti gbogbo ọmọ mi lọ sí Ìlú Fàájì lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwa náà lọ simi.

Ó wá gbé ìka sókè, ó ní, "Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà tí èmi pàápàá kò lè yí padà. Iye èrò tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ni iye tó gbọ́dọ̀ gbéra níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́kù ti di ọmọ ìlú nìyẹn, bàlúù mi kì í sì í padà lọ mú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ka èrò."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi ló gbọ́, inú mi kò gbọ́.

Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Ẹ rí i bó ti rọrùn lẹ́nu mi nísinsìnyí. Akínbọ̀dé ni àkọ́bí, ìkókó kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Abídèmí sì wà láàárín, ọmọbìnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ. Igbó ni mo wà nígbà tí wọ́n bí i, bí ó ṣe gba orúkọ náà nìyẹn. Ọmọ tó fẹ́ràn mi ni. Bí mo bá ti igbó dé, òun ni yóò gba fìlà lórí mi, yóò gbọn eruku rẹ̀, yóò sì gbé e kọ́ sára ògiri. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

A dé ibi bàlúù ní ọjọ́ kejì. Àwọn èrò tí a bá níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Iwin kan gbé orí rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé igbá. Òmíràn ní ẹnu mẹ́ta, ó ń fi ọ̀kan jẹun, ó ń fi ìkejì kọrin, ó ń fi ìkẹta bú aya rẹ̀. Iwin obìnrin gíga kan tó ń tọ́jú èrò, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, mú ìwé lọ́wọ́, ó ń fi ìka kan àwọn èrò lórí, ó ń kà wọ́n. Ó bi ẹni tó gbé orí lé itan pé, "Ṣé orí yín ni kí n kà ni àbí ara yín?" Onítọ̀hún dáhùn pé, "Ka èyí tó máa jẹun." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kàn wá, tó na ìka sí orí Akínbọ̀dé, mo fò dìde. Mo ní, "Gbé ọwọ́ yẹn kúrò! Níbo ni wọ́n ti tọ́ ìwọ yìí dàgbà? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni."

Mo ní, "Nígbà náà kọ 'ìdílé ọdẹ' síbẹ̀, kí o sì máa lọ. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan orí ọmọ mi, ẹnu rẹ kò sì gbọdọ̀ pe iye wọn."

Àwọn iwin pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní ọkùnrin nìyí. Orí mi wú. Jẹ́jẹ́ kọ 'ìdílé ọdẹ' sí ìlà kan ṣoṣo, ó sì kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni kí n sọ nípa Ìlú Fàájì? Àga ibẹ̀ ló máa ń sáré tẹ̀lé ènìyàn pé kí ó wá jókòó lé òun. Ẹ̀fúùfù ibẹ̀ a máa fẹ́ sí ibi tó bá ń yún ọ. Oòrùn wọn kì í wọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n ń pe ọ̀la. Mo jẹ, mo mu, mo sì pa irọ́ ọdẹ tó dùn fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tí n kò bìkítà fún. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo òkè ṣáá. Adépèlé rí i. Ó ní, "Bàbá Akínbọ̀dé, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń retí nǹkan." Mo ní kí ó máa jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, a ti fẹ́ wọ bàlúù nígbà tí mo fọwọ́ kan orí tí mo rí i pé n kò dé fìlà. Mo pe Abídèmí. Mo ní, "Sáré lọ bá mi mú fìlà mi ní ibi tí a sùn sí." Ó ní, "Ẹ dúró dè mí o, Bàbá." Mo ní n ó dúró.

Mo wọlé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, láàárín àwọn iwin, nítorí wọ́n ní kí n parí ìtàn ẹfọ̀n tí mo bá jìjàkadì. Iwájú ni Adépèlé wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo ń la ẹfọ̀n mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìtàn nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Adépèlé yíjú padà láti iwájú. Ó ní, "Bàbá Akínbọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó kà wá lẹ́ẹ̀kan péré. Kì í ṣe ilé wa la wà."

Ojú àwọn iwin wà lára mi. Mo ní, "Obìnrin, kò sí ẹni tí yóò ka ọmọ mi níbikíbi."

Jẹ́jẹ́ ní, "Ìdílé ọdẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ìdílé ọdẹ wà!"

Ó fa ìlà sí i. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí a ti ń gbéra, mo wo fèrèsé, mo rí ẹnì kan nísàlẹ̀ tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kékeré, ó ń ju nǹkan kan sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ẹ wo bí ará ìlú yìí ti fẹ́ràn mi tó. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè, mo juwọ́ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ìgbà tí a bọ́ sílẹ̀ ni Adépèlé kó àwọn ọmọ wá bá mi. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Abídèmí dà?" Mo ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà." Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́. Mo rò pé ó jókòó tì yín." Ilẹ̀ ló rọra jókòó sí pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di apá mi mú.

Mo gbá Alábẹ̀bẹ̀ lọ́rùn mú. Kò bá mi jà. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ mú ìwé wá. Ó fi ìka sí ìlà náà. Ó ní, "'Ìdílé ọdẹ, ó wà.' Ta ló ní ó wà?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Bàlúù mi kì í padà. Ẹni tó bá sì ti gbàgbé ènìyàn síbẹ̀, n kì í gbé e mọ́, ìbáà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibẹ̀, tìrẹ nìyẹn."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ọdún mẹ́rin ni mo rìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn akin, ibí ló yẹ kí ẹ na etí yín. Mo la odò tó ń ṣàn gòkè kọjá, mo sì di ìrù ọ̀nì mú kí ó di ọkọ̀ fún mi. Mo bá iwin kan tó ń jẹ́ Elégungun-lóde jà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ṣẹ́ eyín mi méjì, ẹ wo àyè wọn, èmi náà ṣẹ́ egungun rẹ̀ méje, mo fi ọ̀kan ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Mo sùn nínú ìlú tí wọ́n ti ń jẹ òjìji àlejò, nígbà tí mo sì jí, tèmi ti kù sí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ.

Ní oríta kan, arúgbó iwin kan dí ọ̀nà mọ́ mi. Ó ní, "Kí ni ohun tí ọkùnrin ń mú lọ síbi gbogbo, tí kì í bojú wò ó, àfi ọjọ́ tó bá sọ ọ́ nù?"

Mo ní, "Fìlà."

Ó ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rìn tó báyìí, n kò ní dá a padà." Ó yà fún mi. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí mo ti ń kọjá, mo ní eruku ni.

Mo dé ẹnubodè Ìlú Fàájì ní ọjọ́ ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣí i fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá. Oníbodè, ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, yọjú, ó ní, "Ọmọ mélòó ni o bí?"

Èmi tí mo ti bá egungun jà! Mo rò pé àlọ́ ni, mo rò pé wọ́n fẹ́ mú mi. Mo wú àyà, mo dáhùn bí àwọn bàbá wa ti ń dáhùn. Mo ní, "Ọmọ mi pọ̀. Ẹlẹ́dàá ló mọ iye wọn." Oníbodè ní, "Bí ìwọ kò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni o ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ń bẹ lọ́dọ̀ wa?" Ó ti ilẹ̀kùn.

Ọdún kan ni mo jókòó síta. Ó tún béèrè. Mo tún fi òwe dá a lóhùn, òwe tó dára, ó tún ti ilẹ̀kùn. Àṣà kò burú, ẹ̀yin ọmọ, n kò sọ pé ó burú. Èmi ni mo sọ ọ́ di agídí. Ní ọdún kẹta, kí ó tó la ẹnu, mo ti ń kígbe pé, "Márùn-ún ni! Márùn-ún! Mẹ́rin wà nílé, ọ̀kan wà níbí!" Mo dúró kí ibi ó ṣẹlẹ̀. Ibi kankan kò ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

Pápá bàlúù ni mo ti rí i. Ó ti ga. Ó mú ìwé lọ́wọ́, ó ń fi ìka kan àwọn èrò tuntun lórí, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, kò sì fo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín àwọn ará ìlú náà wà lẹ́nu rẹ̀. Mo tò mọ́ àwọn èrò. Nígbà tó kàn mí, ìka rẹ̀ dúró lókè orí mi tí kò ní fìlà.

Ó ní, "Bàbá."

Ó tọwọ́ bọ àpò tó gbé kọ́ èjìká, ó mú fìlà yìí jáde. Ó gbọn ọ́n, bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Fìlà yín rèé. Abẹ́ ibùsùn ló bọ́ sí, ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́. Mo sáré o, Bàbá. Mo ń fi í juwọ́ sí yín. Mo rí yín ní ojú fèrèsé, ẹ̀yin náà juwọ́ sí mi. Mo wá rò pé ẹ ń bọ̀ wá mú mi ni. Mo dúró sójú kan náà kí ẹ lè tètè rí mi."

Mo ní, "Ó dúró fún ọjọ́ mélòó?" N kò mọ ìdí tí mo fi bi òun gan-an bí ẹni pé ẹlòmíràn ni.

Ó ní, "N kò kà á."

Oníbodè ti fi ẹsẹ̀ kan rẹ̀ fò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, "Ọdẹ, ìwọ mọ àdéhùn. Ẹnì kan ló gba ẹnubodè wọlé lónìí, ẹnì kan ni yóò gbà á jáde. Ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà ọdún mẹ́rin ni mo ti rìn pẹ̀lú ìdáhùn yẹn lẹ́nu mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn igi pé n ó fi ara mi dípò rẹ̀. Mo la ẹnu. Mo wá rántí Akínbọ̀dé àti ìbọn tí n kò tíì kọ́ ọ, mo rántí ilé mi, mo rántí orúkọ mi láàárín àwọn ọdẹ, mo wo àwọn ènìyàn tó ń wo òkè, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹ̀rù ba èmi Ògúnmọ́dẹdé. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ náà kò pẹ́ tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó rí i.

Ó yíjú sí oníbodè, ó ní, "Bàbá mi ni yóò jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó fi fìlà náà sí mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ìyá òun, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Àwọn èrò pọ̀ lẹ́yìn mi.

Mo pariwo nígbà náà. Mo ní ẹ mú mi, ẹ jẹ́ kí ó lọ, mo ní mo fẹ́ dúró. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo tún fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà náà padà. Ọ̀sán ni mo dé ilé. Adépèlé ń jọ ìyẹ̀fun. Ó wo ẹ̀yìn mi bí ó ti wò ó ní ọjọ́ kìíní. Mo ní, "N kò rí i. N kò dé ibẹ̀." Ó wo ojú mi, ó wá wo fìlà tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán fún mi. Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún mi. Kò bi mí ní nǹkan kan títí ó fi kú. Abọ́ méje ló ń tò sílẹ̀ ní gbogbo alẹ́, èmi ni mo sì máa ń dá ìkeje padà sínú ìkòkò.

N kò bá Abídèmí kí ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tí ọmọ náà rán mi, n kò jẹ́ ẹ.

Ó tó. Oòrùn ti ń yí, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ẹ dúró ná. Mélòó ni mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Ẹ tò síbí, kí kóówá yín fi orí rẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ má tì mí... Méjìdínlógún. Ta ni kò sí? Ẹ má rìn, ẹ má kúrò lójú kan, mo ní ta ni kò sí! Háà. Ọmọ Lájídé ni, ó ti sùn lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má jí i tagbaratagbara. Ẹ gbé e. Mọ́kàndínlógún, ẹ pé.

Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn ìyá yín pé mo kà yín.